Ta Ló Ni Onílù Inú Ọkọ̀? Àgbéyẹ̀wò Ohun Èlò Orin Lórí Omi

Bí ọkọ̀ bá fẹ́ kúrò ní èbúté, ohun mẹ́ta ni ó máa ń kó: òṣìṣẹ́, èrò àti ẹrù. Òṣìṣẹ́ ń gba owó, èrò ń san owó, ẹrù kò sì lẹ́nu tí yóò fi bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Onílù ńkọ́? Ibo ni kí a kà á sí? Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í tukọ̀, kì í sì í bu epo sí ẹ́ńjìnnì. Àárín èrò ló wà, àmọ́ kò san owó ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ti gbé gángan, gìtá tàbí fèrè wọ ọkọ̀ rí ni ìbéèrè yìí kàn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Láti ìgbà àwọn Gíríìkì àtijọ́ títí dé ọkọ̀ afẹ́ òde òní ni wọ́n ti ń dáhùn rẹ̀, ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n bá ka olórin sí nínú ìwé ọkọ̀ ló ń pinnu bí ayé rẹ̀ yóò ṣe rí lórí omi, ju bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dáńgájíá tó lọ.

Orin tó ń tu ọkọ̀

Níbi tí orin bá ti jẹ́ apá kan iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ní wàhálà. Ọkọ̀ ogun àwọn Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní trireme máa ń kó nǹkan bí 200 ènìyàn. Atukọ̀ ni 170 nínú wọn, wọ́n sì jókòó ní ìpele mẹ́ta. Bí àjẹ̀ 170 kò bá wọ omi pa pọ̀, wọn yóò kàn máa gbá ara wọn ni. Ìdí nìyí tí afunfèrè kan fi máa ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa fi fèrè pín àsìkò fún àjẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n kà á sí, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú ti atọ́kọ̀ àti ti àwọn atukọ̀. Ẹni tó bá ti wo fíìmù Ben-Hur ti ọdún 1959 yóò rántí ọkùnrin tó ń lu ìlù gbìgbà-gbìgbà fún àwọn ẹrú tí wọ́n so mọ́ àjẹ̀. Ní ti àwọn Gíríìkì, fèrè ni, kì í ṣe ìlù, àwọn tó sì ń tu ọkọ̀ Athens, ọmọ ìlú tó lómìnira ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní 1987, ilẹ̀ Gíríìsì tún irú ọkọ̀ yìí kàn, wọ́n sọ ọ́ ní Olympias, wọ́n sì kó àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sínú rẹ̀ láti tù ú wò. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 37. Wọ́n rí i kíákíá pé bó ti wù kí ẹnì kan pariwo tó ní iwájú, ariwo àjẹ̀ àti ti pákó kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ohun tó gbà wọ́n ni kí gbogbo atukọ̀ máa kùn orin kan náà lábẹ́ imú.

Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn nínú eré ọkọ̀ dírágónì, tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún nínú ìṣírò òṣùpá. Nínú ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ jù níbi ìdíje, 20 atukọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ń darí ọkọ̀ ní ìdí, onílù sì jókòó sí ṣóńṣó iwájú, ó kọjú sí àwọn atukọ̀, ó kẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Onílù tó gbọ́n kì í dá ìlù tirẹ̀ lù. Àjẹ̀ méjì tó wà níwájú ló ń wò, ohun tí ìyẹn bá ṣe ló sì ń gbé dé etí àwọn tó wà lẹ́yìn, tí wọn kò lè rí iwájú. Níbi eré ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tiwa lórí ọ̀sà, ní Èkó, Èpè àti Badagry, ìlù ń ṣe iṣẹ́ kan sí i: bó ṣe ń pe àjẹ̀ ló ń ki ìdílé àti àdúgbò tó ni ọkọ̀, kí àwọn tó wà ní bèbè lè mọ ẹni tó ń bọ̀ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbòkun, wọn kì í sábà gba àwọn atukọ̀ láyè láti kọrin bí wọ́n bá ń fa ìdákọ̀ró sókè, nítorí kí àṣẹ ọ̀gá lè dún ketekete. Ẹni tó ń ta fayolíìnì tàbí tó ń fọn fèrè ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Òun yóò máa ṣeré, àwọn yòókù yóò máa fi àyà ti ọ̀pá ẹ̀rọ yí po. Ọkọ̀ ẹrù yàtọ̀: ẹnu atukọ̀ fúnra rẹ̀ ni ohun èlò níbẹ̀, orin iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ sì ni ayé mọ̀ wọ́n sí títí di òní.

Alẹ́ ọjọ́ kan lórí odò Thames

Ní 17 oṣù keje 1717, Ọba George Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ ní Whitehall, ó ń lọ sí Chelsea. Ọkọ̀ kan ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan bí 50 olórin ló wà nínú rẹ̀, orin tí George Frideric Handel ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ni wọ́n sì ń ṣe. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé omi tó ń ru wọlé láti òkun ló gbé àwọn ọkọ̀ náà lọ láti Lambeth, wọn kò tu àjẹ̀ kankan. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àjẹ̀ ṣe máa ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yóò mọ̀ pé kò sí ohun tí à bá tún fún olórin tó ju ìyẹn lọ. Orin náà wu ọba tó bẹ́ẹ̀ tí ó ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ohun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ náà tọ́ sí àkíyèsí: fèrè onídẹ oríṣi méjì, fèrè olóhùn híhan, fèrè olóhùn ìsàlẹ̀, fèrè onígi, fayolíìnì àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóhùn wúwo. Kò sí akọrin. Lórí omi, kò sí ògiri tí yóò dá ohùn padà fún olórin. Ohun tó bá jáde lẹ́nu fèrè ti lọ nìyẹn, nítorí náà ohun èlò tó lè ké ló ń jèrè níbẹ̀. Àmọ́ omi ní àǹfààní tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tó fara kan omi máa ń tutù ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, èyí a sì máa tẹ ohùn tó fẹ́ fò lọ sókè padà sísàlẹ̀, a ó máa gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn.

Baron Kielmansegg ni ó náwó ọjọ́ náà, iye tí àwọn olórin nìkan sì gbà jẹ́ 150 pọ́n-ùn. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀, wọn kì í sì í ṣe èrò. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi yẹ́ ọba sí ni wọ́n jẹ́, wọ́n gba owó wọn, ó tán.

Ijó tipátipá

A kò lè sọ̀rọ̀ orin inú ọkọ̀ kí a fo ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá sí láti etíkun Èkó, Badagry àti Ouidah. Alexander Falconbridge ṣe dókítà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ta kò ó, ìwé tó kọ sì jáde ní 1788. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń kó àwọn ẹrú sórí ọkọ̀ láti jó, nítorí wọ́n gbà pé bí wọ́n bá ń ta ẹsẹ̀, wọn kò ní tètè kú kí wọ́n tó dé ọjà. Ẹni tí kò bá jó dáadáa, pàṣán ni. Ìlù tí wọ́n fi ń jó jẹ́ ìlù kan báyìí, tó jẹ́ pé nígbà mìíràn ojú kan ṣoṣo ni ó ní awọ. Bí èyí bá ya, ìdí agbá ni wọ́n ń lù.

Òwe wa sọ pé onílù kò ní fẹ́ kó tú. Nínú ọkọ̀ yìí, gbogbo ẹni tó ń jó ló fẹ́ kó tú, onílù fúnra rẹ̀ sì wà lára ẹrù. Ibi tó burú jù tí a lè ka olórin sí nìyẹn.

Ohun kan wà tí ọkọ̀ náà kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. A kò gbọ́ pé ẹrú kankan gbé bàtá rẹ̀ wọlé, síbẹ̀ bàtá ń dún ní Kúbà. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ọmọ Kúbà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní nǹkan bí 1830, ọkùnrin Yorùbá méjì, Añabí àti Atandá, ni wọ́n gbẹ́ àwọn bàtá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ètùtù fún ní agbègbè Havana. Kì í ṣe igi tàbí awọ ni ó sọdá òkun. Ìmọ̀ bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ, bí a ṣe ń bọ ọ́ àti ohun tó ń wí ló sọdá, inú orí àti ọwọ́ ènìyàn ló sì wà.

Ọkọ̀ eléèéfín odò Mississippi

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí rélùwéè ti gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ odò, ijó ni àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ìdílé Streckfus ló gbajúmọ̀ jù nínú òwò náà, olórí ẹgbẹ́ orin wọn sì ni Fate Marable, ọmọ Paducah ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ó ń tẹ dùùrù nínú gbọ̀ngàn, ó sì tún ń tẹ calliope lórí òrùlé ọkọ̀. Ọ̀kan ni calliope yìí nínú àwọn ohun èlò tí a lè sọ pé ọkọ̀ ló sọ wọ́n di olókìkí. Joshua Stoddard gba àṣẹ orí rẹ̀ ní 1855. Ooru omi láti inú ìkòkò ẹ́ńjìnnì ló ń fọn àwọn fèrè rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ń dé ìlú tó wà níwájú kí ọkọ̀ tó dé. Bí Marable bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, yóò wọ ẹ̀wù òjò, yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò ki òwú bọ etí. Bọ́tìnnì náà máa ń gbóná, omi gbígbóná sì máa ń ta sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lára.

Láti 1919 títí di 1921, Louis Armstrong wà lára àwọn tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ Marable. Ó ti mọ fèrè fọn kí ó tó débẹ̀, àmọ́ kò mọ orin kà nínú ìwé dáadáa. David Jones tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà ló kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ le, nítorí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń mú aago dání láti wò ó bóyá orin náà yá tó fún ijó. Nígbà tó yá, Armstrong àti Baby Dodds tó ń lu ìlù kò gbà pé kí ọlọ́kọ̀ máa sọ bí wọn yóò ṣe lù ú fún wọn, wọ́n sì kúrò.

Òṣìṣẹ́ gidi ni wọ́n, wọ́n ń gba owó iṣẹ́, wọ́n sì ní ibùsùn. Síbẹ̀ ní St. Louis, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń jó sí orin àwọn aláwọ̀ dúdú yìí ní ọ̀pọ̀ òru, alẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn tiwọn. Olórin lè wọ ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò lè wọ̀.

Olórin mẹ́jọ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni

Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ nípa àwọn olórin Titanic tí wọ́n ń ṣeré bí ọkọ̀ ṣe ń rì ní 15 oṣù kẹrin 1912. Mẹ́jọ ni wọ́n, Wallace Hartley ni olórí wọn, kò sì sí èyí tó yè. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí orin tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Ìjiyàn tó yẹ kí a jà nípa rẹ̀ jù ni ti ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́.

Kì í ṣe iléeṣẹ́ White Star Line tó ni ọkọ̀ ló gbà wọ́n. C. W. & F. N. Black, iléeṣẹ́ kan ní Liverpool tó ń bá ọlọ́kọ̀ wá olórin, ni ọ̀gá wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ti ipò kejì ni àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi wọ ọkọ̀, bí èrò. Nígbà tí ọkọ̀ rì, tí àwọn ẹbí wọn béèrè owó gbà-má-bínú, ọlọ́kọ̀ ní àwọn kò mọ̀ wọ́n ní òṣìṣẹ́. Ilé ẹjọ́ náà kò rí ọ̀nà tí òfin fi lè kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ẹjọ́ náà sì já sófo. Owó tí àwọn ènìyàn dá fún àwọn tí àjálù náà kàn ni wọ́n fi ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Kí oṣù náà tó parí rárá, iléeṣẹ́ Black ti kọ lẹ́tà sí bàbá Jock Hume, ọmọ ọdún 21 tó ń ta fayolíìnì, pé kí ó wá san gbèsè aṣọ iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ kú.

Ní oṣù kẹwàá 2013, wọ́n gbé fayolíìnì Hartley ta ní gbàǹjo ní Devizes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 900,000 pọ́n-ùn ni wọ́n rà á. Ohun èlò kan ṣoṣo mú owó wá tí ẹgbẹ́ olórin náà lápapọ̀ kò lè rí ní gbogbo ayé wọn.

Gìtá àwọn ará Kúrú

Ìtàn tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n kò ti gbọ̀ngàn ọkọ̀ wá. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn ló ti wá. Àwọn ará Kúrú, láti etíkun Liberia, ti ń bá ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n rí gìtá, báńjò, mandolin àti kọnsatínà lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ òyìnbó, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Gìtá ni wọ́n fún ní ọ̀nà tuntun: àtàǹpàkò ń ta okùn ìsàlẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá ń ta ti òkè, ẹnì kan ṣoṣo á sì dà bí ènìyàn méjì. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ ní Freetown, Accra, Èkó tàbí Douala, wọn á gbé gìtá lọ sí ìdí ẹmu. Ará Kúrú kan ló kọ́ Kwame Asare, tí wọ́n ń pè ní Jacob Sam, ní gìtá, ẹgbẹ́ rẹ̀, Kumasi Trio, ló sì gbé orin Yaa Amponsah sínú àwo ní London ní 1928.

Ní Èkó, gìtá yìí bá sáḿbà àwọn Àgùdà àti ohùn Yorùbá pàdé, jùjú sì jáde ní àwọn ọdún 1930. Tunde King tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ló dá a sílẹ̀ jẹ́ ọmọ òkun náà. Ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ní 1939, ó padà wálé ní 1941, ó sì tún lọ. Dakar àti Conakry wà lára ibi tó gbé, ọdún 1954 ni Èkó tó tún rí i. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, bá iṣẹ́ ọkọ̀ dé Liverpool nígbà ogun àgbáyé kejì. Ní 8 oṣù karùn-ún 1945, ọjọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lùlù, wọ́n ń ta gìtá láàárín èrò ní Piccadilly Circus. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, West African Rhythm Brothers, gbé orin wa sí London fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò sí ọlọ́kọ̀ tó gba àwọn wọ̀nyí síṣẹ́ nítorí orin. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, orin sì ni ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ni orin wọn tàn kálẹ̀ jù. Nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò, n kò rí ọkọ̀ ọba tàbí ọkọ̀ olówó tó so èso tó tó ti àwọn òṣìṣẹ́ yìí.

Báńjò lábẹ́ ọkọ̀ tó dojú dé

Leonard Hussey kò wọ ọkọ̀ Endurance torí orin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ojú ọjọ́ fún Ernest Shackleton nínú ìrìn àjò wọn sí Antarctica tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Yìnyín há ọkọ̀ mọ́, ó sì fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1915, Shackleton pàṣẹ pé ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn méjì lórí òṣùwọ̀n lọ. Òun fúnra rẹ̀ ju owó wúrà sílẹ̀ lórí yìnyín. Báńjò Hussey wúwo tó pọ́n-ùn 12. Shackleton ní kí wọ́n gbé e dání, pé oògùn ọkàn ni yóò jẹ́ fún wọn.

Ọkùnrin 22 ni wọ́n fi sílẹ̀ ní Elephant Island ní 1916, nígbà tí Shackleton wá ìrànlọ́wọ́ lọ. Ọkọ̀ kékeré méjì ni wọ́n dojú rẹ̀ dé, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn fún oṣù mẹ́rin ó lé, abẹ́ rẹ̀ náà ni Hussey ti ń ta báńjò ní alẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé wá kó wọn ní 30 oṣù kẹjọ, gbogbo wọn ló wà láàyè. N kò ní sọ pé báńjò ló gbà wọ́n là, ẹran séálì àti ẹyẹ ni wọ́n jẹ. Àmọ́ olórí tó mọ ìwà ènìyàn ló mọ̀ pé ohun èlò orin lè tọ́ sí àyè ju wúrà lọ. Báńjò náà, ohun èlò tí àwọn ọmọ Áfíríkà gbé gbòǹgbò rẹ̀ dé Amẹ́ríkà, wà ní National Maritime Museum ní Greenwich, ìbuwọ́lùwé àwọn ẹlẹgbẹ́ Hussey sì wà lára awọ rẹ̀.

Iyọ̀, ọ̀rinrin àti igi

Fún ẹni tó fẹ́ gbé ohun èlò wọ ọkọ̀ lónìí, ọ̀tá mẹ́ta ló wà. Èkíní ni iyọ̀, tó ń mú okùn onírin dípẹtà kíákíá. Èkejì ni ọ̀rinrin. Àwọn tó ń kan gìtá fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí òkun, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, igi á wú, àtè tí wọ́n fi awọ ẹran sè, tó so fayolíìnì pọ̀, á sì máa rọ̀. Ẹ̀kẹta ni oòrùn tó ń wọ inú àpótí tí wọ́n gbàgbé sórí ọkọ̀.

Onídùndún mọ èyí láì ka ìwé. Awọ tí ọ̀rinrin bá wọ̀ á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, bó ti wù kí a fa ọṣán tó. Nílé, oòrùn tàbí iná díẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ní epo, kò sẹ́ni tó ń dáná. Nítorí náà, kí onílù fi aṣọ àti ọ̀rá wé ìlù títí yóò fi kan iṣẹ́, kí ó mú ìlù kejì dání, kí ó sì fún wọn ní oòrùn bí wọ́n bá ti dé ilẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun kékeré ló ń bá ọkọ̀ mu: hamọ́níkà, kọnsatínà, ukulele, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ukulele alára, ọmọ ọkọ̀ ni. Àwọn ará Madeira tí ọkọ̀ Ravenscrag kó dé Honolulu ní oṣù kẹjọ 1879 ló gbé gìtá kékeré wọn wá, àwọn káfíńtà mẹ́ta nínú wọn ló sì sọ ọ́ di ohun tí Hawaii fi ń yangàn. Ní ayé tiwa, òkun tún bí òmíràn. Luis Leguía, tó ń ta cello nínú ẹgbẹ́ orin ńlá ti Boston, gbọ́ bí omi ṣe ń dún lára ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í ṣe onígi, ó sì ronú pé ohun tó ń dún báyìí lè di cello. Òun àti Steve Clark, tó mọ ọkọ̀ kàn, ṣe cello oníkábọ́ọ̀nù tí òjò àti iyọ̀ kò lè rí nǹkan fi ṣe. Ó wọ́n, àmọ́ ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ kò ní kábàámọ̀ rẹ̀.

Òfin àti etí

Òfin àgbáyé tó ń dènà ìkọlù ọkọ̀, ti ọdún 1972, sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́nà pẹ̀lú ojú àti etí nígbà gbogbo. Nínú kùrukùru, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń rìn gbọ́dọ̀ fọn fèrè gígùn kan ó kéré tán láàárín ìṣẹ́jú méjì-méjì. Bí ẹ̀rọ agbóhùnsókè bá ń bú ramúramù nínú ọkọ̀ tìrẹ, báwo ni awakọ̀ yóò ṣe gbọ́ fèrè ẹnìkejì? Ibi tí orin ti gbọ́dọ̀ dákẹ́ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Ní ti ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀, Àdéhùn Iṣẹ́ Ojú Òkun tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 20 oṣù kẹjọ 2013, ti dáhùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ nínú ọkọ̀, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, òṣìṣẹ́ ojú òkun ni. Olórin tó ń bá ọkọ̀ afẹ́ rìn wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi wákàtí 10 ó kéré tán nínú wákàtí 24, àti 77 nínú ọjọ́ méje, àti sí ìtọ́jú bí àìsàn bá dé. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn yìí láti 2013. Ká ní ó wà ní 1912, bàbá Jock Hume kì bá tí rí lẹ́tà yẹn gbà.

Àmọ́ àdéhùn náà kò kan ọkọ̀ tó jẹ́ pé orí odò àti ọ̀sà nìkan ló ti ń rìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olórin tiwa ti ń ṣeré. Ní oṣù kẹfà 2023, ju 100 ènìyàn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ló kú nígbà tí ọkọ̀ wọn dojú dé ní agbègbè Pategi, ìpínlẹ̀ Kwara. Àríyá àti omi ń pàdé lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì ń ṣe àríyá lórí omi, olórin ló máa ń pè ṣìkejì lẹ́yìn alásè.

Ìdájọ́ mi nìyí: ọkọ̀ dára fún orin, orin sì dára fún ọkọ̀, ìtàn Kúrú àti ti Hussey tó ẹ̀rí. Olórin tí wọ́n kà mọ́ òṣìṣẹ́ ni ọ̀ràn rẹ̀ ń yanjú. Èyí tí wọ́n kà sí ẹrù ni ìyà jẹ, èyí tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni sì ni ẹbí rẹ̀ ń ti ilé ẹjọ́ bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ọkọ̀ fún ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó tàbí eré ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ kọ orúkọ àwọn onílù àti olórin sínú ìwé èrò. Ẹ ka àwọn àti ohun èlò wọn mọ́ iye tí ọkọ̀ náà lè gbà. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀wù agbẹ̀mílà tó bá a mu, kí ó wọ̀ ọ́ kí ó tó gbé ìlù kọ́ èjìká. Ọlọ́kọ̀ tó bá kọ̀ láti ṣe é, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.